Ọmọ Tó Wà Nínú Ibú

Ọ̀ṣunbíyìí kò tíì jókòó tán tó fi sọ ọ́. Ó gbé àdá rẹ̀ ti ògiri, ó ní kí ìyàwó òun bu omi wá, ó wá ní, "Ọ̀la la máa pa ẹja ibú."

Martha ń bó pákí lọ́wọ́. Ọ̀bẹ yẹ̀, ó gé e ní ìka, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde. "Ọ̀la kẹ̀? Ṣebí ẹ ní ó di oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí omi bá fà dáadáa?"

"Iye Ṣèyí, ta ló ń dúró dìgbà yẹn? Mo fi ojú mi rí i láàárọ̀ yìí. Ẹja ló kún inú ẹ̀. Omi ọ̀hún mọ́ gaara débi pé mò ń rí òkúta nísàlẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fi ibú náà lé mi lọ́wọ́, n kò rí irú ẹ̀ rí. Bí a ò bá tètè pa á, àwọn ará òdìkejì á jí i pa."

Ó mu omi rẹ̀ tán, ó bọ́ síta láti lọ sọ fún àwọn ẹbí. Martha fi ìka tó gé sẹ́nu. Ohun tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ láti abúlé wọn títí dé Kiri, ni pé ọmọ wọn obìnrin, Jọmílójú, wà nínú ibú náà, ó sì wà láàyè.

Ẹ má tíì pè mí ní onírọ́. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Gbogbo wa la ṣáà gbọ́ nígbà tí òkun ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò títí ó fi sú wa. Ẹja tán níbẹ̀, ọ̀rá àti àwọ̀n jíjá bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń gbé etí omi kò rí nǹkan jẹ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ kan gbé ọgbọ́n tiwọn dé. Wọ́n ní ẹran omi kan wà tó ń jẹ́ séàlì, onírun ni, ó lè pẹ́ lábẹ́ omi láì mí. Wọ́n ní àwọn á mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ènìyàn tó bá gbà, onítọ̀hún á wá máa gbé inú òkun láti tún un ṣe. Á máa kó ìdọ̀tí, á máa gbin koríko omi, á máa kó ọmọ ẹja láti ibi tó ṣẹ́kù lọ síbi tó ti tán. A rẹ́rìn-ín títí. A ní wèrè wo ló máa gbà? Àfi bí Jọmílójú, tó ti kàwé jáde, tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun lọ́hùn-ún, ṣe pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé òun ti gbà.

Ọ̀ṣunbíyìí pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán ọmọ náà jáde, tí wọ́n rí irun eérú lára rẹ̀, tí wọ́n rí ọwọ́ tí awọ so ìka rẹ̀ pọ̀, àti ẹsẹ̀ tó kúrú tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ọkùnrin náà kò pariwo mọ́. Ó kó aṣọ ọmọ náà tó kù nílé, ó pe ẹbí jọ, wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì sin ín. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ: ohun tó wí nìyẹn. Pásítọ̀ ní òun kò ní lọ́wọ́ sí i, síbẹ̀ ó wá jẹran.

Ẹni tí a bá sì ti sin, a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé. Bí a bá rí i níbòmíràn, àkúdàáyà ni, ẹni tó bá sì dá a lóhùn á bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni Martha, tí gbogbo ayé ń pè ní Iye Jọmílójú, ìyá Jọmílójú, ti di Iye Ṣèyí, torí Ṣèyífúnmi, àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ ní Kabba. Ọmọ tó kọ́kọ́ bí wá di ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ì bá ṣe?

Ìgbà òjò tó kọjá ló lọ rẹ pákí sómi, ni orí kan bá yọ láàárín ibú, ó ní, "Iye." Martha sáré débi pé bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́yìn. Ẹ̀rù yẹn kò jẹ́ kó jẹun. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá ń jẹ́. Ó padà lọ, ó sì di iyọ̀ sí kókó aṣọ rẹ̀, torí ìyá tirẹ̀ ti kọ́ ọ pé òkú kì í jẹ iyọ̀. Ó na ọwọ́ tí iyọ̀ wà níbẹ̀ sójú omi, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń ka Sáàmù. Ahọ́n gbígbóná kan lá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohùn ọmọ rẹ̀ sì ní, "Iye, ṣé iyọ̀ ti tán ni?" Nígbà náà ni Martha jókòó sínú ẹrẹ̀, tó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Jọmílójú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tún òkun ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò yé ti inú odò wọlé. Wọ́n wá rán àwọn kan nínú wọn gòkè odò láti wá mọ ibi tó ti ń bọ̀. Jọmílójú gba inú odò Ọya wá, ó kọjá Lọ́kọ́jà, ó yẹ kó padà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fà sílé, ó yà sínú odò wa. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe dé, omi fà mọ́ ọn lẹ́yìn. Odò di àpáta àti iyanrìn, ibú nìkan ló kù, ó sì di kí òjò tún rọ̀ kó tó lè rọ́nà lọ. Ó mú ìyá rẹ̀ búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ní ìsàlẹ̀ odò, àwọn apẹja kan ti fi ọ̀kọ̀ gún ẹnìkejì rẹ̀ pa, wọ́n ní iwin ni.

Ó ti wá mọ́ Martha lára. Bó bá gbé agbọ̀n pákí rù, iyọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, torí omi tí kò níyọ̀ ń bó ọmọ náà láwọ. Ọ̀ṣunbíyìí tilẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan bóyá ewúrẹ́ ló ń fi iyọ̀ ilé bọ́. Jọmílójú náà kò kúkú lè jókòó lásán. Ó kó gbogbo ọ̀rá tí à ń dà sómi jọ sábẹ́ àpáta, ó gbin koríko, ó ń tọ́ ọmọ ẹja. Ìdí tí omi fi mọ́ gaara nìyẹn. Iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ̀ ló wá ń pe ikú bọ̀ wá bá a yìí.

Martha kò dúró fi aṣọ di ìka tó gé. Ó da pákí tó bó àti èyí tí kò bó sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà odò. Àwọn ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣán igbó ẹ̀bá ibú fún ti ọ̀la. Ó kí wọn, wọ́n kí i. "Okun o, Iye Ṣèyí." "Okun." Ó yí lọ sẹ́yìn àpáta ńlá níbi tí wọn kò ti lè rí i, ó mú òkúta, ó kàn án mọ́ ara àpáta. Orí náà yọ láìdún.

"Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n á da èso ìpẹja sómi."

Jọmílójú wò ó. Ojú rẹ̀ ti tóbi, ó dúdú, funfun ojú kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń yí ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń ronú, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe. "Ṣé èso tí a máa ń gún nígbà tí mo wà ní kékeré?"

"Òun ni."

"Ìyẹn ń pa ẹja bí ọtí ni, Iye, kì í pa ènìyàn. Ihò kan wà lábẹ́ àpáta yìí tí ìsun ń tú omi tútù sí. Màá wọ ibẹ̀. Mo lè pẹ́ láì mí. Bí wọ́n bá kó ẹja wọn tán, wọ́n á lọ."

"Má yọjú o. Ohun yòówù kí o gbọ́, ọma mi, má yọjú."

"N ò ní yọjú." Àdá ń dún lódìkejì àpáta. Ó wá ní, "Ṣé Baba ló máa pè wọ́n?"

Martha mọ ohun tó ń bèèrè. Ìdílé Ọ̀ṣunbíyìí ló ni ibú, àwọn òkú ìdílé náà ló sì ń gbé inú rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe sọ. Kí wọ́n tó da ohunkóhun sómi, olórí ìdílé á dúró létí rẹ̀, á máa pè wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n yà sẹ́yìn, kí ibi má bàa kàn wọ́n.

"Òun ni," ló dáhùn.

"Ṣé á pè mí?"

"Kò tíì pè ọ́ rí." Ó wu Martha kó sọ ohun mìíràn, ṣùgbọ́n òótọ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ náà mi orí, ó sì wọmi.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, abúlé ti tú jáde. Ẹ mọ bí ọjọ́ ìpẹja ṣe máa ń rí: agbada lórí àwọn obìnrin, àwọ̀n, ọ̀kọ̀ àti agbọ̀n lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin, ẹni tí kò ti lè dìde láti ọdún tó kọjá á dìde lọ́jọ́ yẹn. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ẹlẹ́ṣìn Kristi wà níbẹ̀. Ẹja kò mọ ìsìn. Martha dúró láàárín àwọn obìnrin pẹ̀lú agbada tirẹ̀, ó ń wá odó pẹ̀lú ojú. Kò rí odó. Kò rí èso.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ ọ̀kadà. Ọpẹ́dayọ̀ ló ń bọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣunbíyìí, kẹ́ẹ̀gì ńláńlá so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko ni, ó lọ rà á ní Aiyetoro-Gbede. Ó fi ọ̀rá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kí oògùn má bàa kàn án lára, ẹja tó fẹ́ fi oògùn ọ̀hún pa náà ló sì fẹ́ gbé lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n jẹ. Ọgbọ́n ayé ìsinsìnyí nìyẹn.

Agbada bọ́ lọ́wọ́ Martha. Ó la àárín èrò kọjá, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Baba Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí. Èso la máa ń lò. Ẹ jẹ́ ká lọ wá èso."

"Èso dà?" ni Ọ̀ṣunbíyìí wí. "Wọ́n ti gé igi rẹ̀ fi sun èédú tán. Kí ló ṣe ọ́?"

Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo omi. Ó ti búra. Bó bá sọ ọ́, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, oògùn ń bọ̀. Nínú ìbẹ̀rù méjèèjì, èyí tó súnmọ́ jù ló borí. "Jọmílójú wà nínú omi yẹn," ló pariwo. "Ó wà láàyè! Mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó jẹ iyọ̀ lọ́wọ́ mi!"

Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè ti jáde. Martha retí kí ọkọ rẹ̀ bínú, ì bá sì sàn bó bá bínú. Ṣùgbọ́n omi ló lé ró sójú Ọ̀ṣunbíyìí. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tu aláìsàn nínú.

"Ìyá tí ọmọ kú fún kì í gbà pé ó kú," ló sọ. "Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́. Tò. Màá pè é mọ́ wọn lónìí, kó yà sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn yòókù."

"Kò kú! Ẹ gbọ́ mi!"

Lois, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, gbá a mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin yòókù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, wọ́n ń bá a sunkún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi wo ìdààmú: kò sí ẹni tó burú nínú wọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi dì í mú.

Ọ̀ṣunbíyìí bọ́ fìlà, ó dúró létí ibú. "Baba mi Ọbalolúwa, ẹ yà fún wa. Iye mi Rhoda, ẹ yà. Ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́yìsetán, ẹ yà, a fẹ́ wọ inú ilé yín." Ó ń dánu dúró lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Lẹ́yìn náà ó gbé fìlà rẹ̀ sí àyà. Àwọn kan rò pé ó ti parí. Ohùn rẹ̀ wá jáde, kò dún bí ohùn àgbà mọ́. "Jọmílójú. Jọmílójú ọma mi. Yà sẹ́yìn."

Lánàá ni Martha ní kó má yọjú. Nísinsìnyí gbogbo ọkàn rẹ̀ ń kígbe pé yọ, yọ, jọ̀ọ́ yọ kí wọ́n rí ọ. Omi náà dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀ṣunbíyìí gbé ọwọ́ sókè sí Ọpẹ́dayọ̀, kẹ́ẹ̀gì sì dorí kodò.

Oògùn náà funfun, ó tàn sójú omi bí ẹ̀kọ tó dànù. Kò pẹ́ tí àwọn ẹja kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn tí ọmọ rẹ̀ tọ́. Martha gé ọwọ́ Lois jẹ. Lois kígbe, ó tú u sílẹ̀, Martha sì bẹ́ sómi, obìnrin tí kò gbọdọ̀ kan omi náà kí olórí ìdílé tó wọ̀ ọ́. Omi dé e láyà. Ó ń kígbe orúkọ náà, ó ń fi ọwọ́ lu omi, oògùn ń ta á lójú.

Orí kan yọ láàárín ibú, nínú funfun yẹn gan-an.

"Baba," ló wí, "ṣé ẹ pè mí?"

Ẹ̀yin ará, bí àwọn ènìyàn ṣe sá! Òkú dáhùn! Agbada ń dún lórí àpáta, àgbà tó fi ọ̀pá rìn wá gbàgbé ọ̀pá, Ọpẹ́dayọ̀ fi ọ̀kadà sílẹ̀ ó gba inú igbó. Kí a tó ṣẹ́jú, etí ibú ti dá. Ọ̀ṣunbíyìí nìkan ló kù níbẹ̀.

Jọmílójú ti inú ìsun wá nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó sì wẹ̀ bọ́ sínú oògùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń yí nínú omi, ó rì, ó tún yọ. Martha dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà ń yọ̀, ó wúwo ju bí obìnrin kan ṣe lè gbé lọ, kò sì sí ibi tí èèyàn lè dì mú. Wọ́n jọ rì. Martha gbé omi mì. Ọ̀fun rẹ̀ gbóná bí iná. Ó yọrí, ó wo ọkùnrin tó dúró sétí omi, ó sì pe orúkọ tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ pè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ.

"Ọ̀ṣunbíyìí! Oògùn ò lè ta òkú lójú! Wá gbé ọmọ rẹ!"

Ẹ má fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó gbàgbọ́ láti kékeré ni pé bí òun bá dá òkú lóhùn, òun náà ti bá a lọ nìyẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà. Ó ń sunkún ketekete. Jọmílójú tún ké, igbe tó ké kì í ṣe ti ẹran, kì í ṣe ti iwin, igbe tó máa ń ké nígbà tí eyín ń dùn ún ní kékeré ni. Ọkùnrin náà wọ inú omi tòun ti agbádá rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀ o. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn débi pé Martha ń gbọ́ ọ. Ó di ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn mú, Martha dì í lábẹ́ apá, wọ́n wọ́ ọ dé orí iyanrìn.

Jọmílójú ń gbọ̀n jìgìjìgì níbẹ̀, ìtọ́ funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀ṣunbíyìí kọjú sí igbó tí gbogbo ayé sá wọ̀. "Ẹ mú omi wá!" ló ké. "Omi kànga! Ẹ dákun, ẹ wá bá mi gba ọmọ mi là!"

Kò sí ẹni tó jáde. Ó tún ké e. Lois ló kọ́kọ́ wá, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí Martha gé jẹ. Ó gbé agbada omi kalẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó sì tún sá. Ìgbà tó padà dé pẹ̀lú òmíràn, ó gbé e súnmọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹlòmíràn wá, àti ẹlòmíràn, gbogbo wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbada ẹja wá di agbada omi. Martha ń da omi sí i lójú, ó ń da á sí i lẹ́nu, ó ń fi aṣọ rẹ̀ nu irun eérú náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láì dákẹ́. Lẹ́yìn wọn, ẹja ti bo gbogbo ojú ibú, inú wọn kọjú sókè, ẹnì kan kò mú ọ̀kan.

Nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀. Èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ń jáde. Ojú Jọmílójú wú, ó pa dé, kò là. Martha kò mọ̀ bóyá yóò là mọ́. Ibú ti kú, òjò ṣì jìnnà, kànga abúlé kò tó nǹkan. Ibo ni ọmọ yìí yóò gbé lọ́la? Àwọn tó wà lẹ́yìn igi, kí ni wọ́n ń rò? Ó gbé orí ọmọ náà lé itan, ẹ̀rù sì tún bà á lákọ̀tun.

Jọmílójú gbé ọwọ́ sókè. Ó ti mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, torí Martha kò dákẹ́ látàárọ̀. Ibi tí ẹnì kan ti ń mí gúlegúle láì sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ náà kọrí sí.

"Ta nìyẹn?"

Ọwọ́ náà ń bọ̀, awọ dúdú láàárín ìka, èékánná gígùn, omi ń kán lára rẹ̀. Martha rí i tí ọkọ rẹ̀ kó ẹsẹ̀ jọ bí ẹni fẹ́ sá. Ọwọ́ náà kan irùngbọ̀n rẹ̀, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń wá imú, ó ń wá ojú. Ọkùnrin náà di ojú rẹ̀ pinpin. Ó ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ ọmọ náà.